"Run" kì í ṣe sáré nìkan: bí ẹ ṣe máa mọ ìtumọ̀ tó ń jẹ́ nínú gbólóhùn

Ìbéèrè kan náà lẹ̀yin òǹkàwé ń bi mí ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni run túmọ̀ sí níbí?" Ẹnì kan rí i nínú lẹ́tà ilé ìwòsàn, ẹlòmíì rí i lára àmì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ, ẹlòmíì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ẹ̀ níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Manchester. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé run ni sáré, wọ́n sì pa ìwé dé. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ka ìtumọ̀ 645 fún un bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ẹ ò tíì ka ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́ ọn o.

Kò sẹ́ni tó lè há 645 sórí, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ ṣe máa gbé gbólóhùn kan síwájú, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà tó létò, kí ẹ sì mọ èyí tí run ń sọ nínú ẹ̀. Ẹ má wá Yorùbá fún run. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbólóhùn náà ni kí ẹ wá Yorùbá fún.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà lọ́wọ́ yín:

- Odindi gbólóhùn. Ẹni tó bá kọ "run" nìkan ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè ràn án lọ́wọ́, ìwé atúmọ̀ náà ò sì lè ràn án lọ́wọ́.
- Ẹni tó sọ ọ́ àti ìlú tó ti sọ ọ́. Nàìjíríà, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun kan náà.
- Ojú tó mọ àwọn ọmọ ìyá ẹ̀: run, runs, running, ran. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni, àbí orúkọ nǹkan ni?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹ̀. Bí ẹ bá rí "a", "the", "my" tàbí "this" ṣáájú run, orúkọ nǹkan ni. Ẹ fò lọ sí apá tí mo pè ní "Nígbà tí run bá jẹ́ orúkọ" nísàlẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tẹ̀ síwájú.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ta ló ń run?

Ìgbésẹ̀ yìí ló ń yọni nínú wàhálà jù. Bí ohun tó ń run ò bá ní ẹsẹ̀, ẹ ti lè gbàgbé sáré.

Omi àti ohun tó ń ṣàn. "The tap is running": omi ẹ̀rọ ń yọ, ẹnì kan ò tì í. "My nose is running": ikun ń dà nímú mi. "The river runs into the lagoon": odò náà ń ṣàn wọ ọ̀sà.

Ẹ̀rọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ni. "The generator has been running since morning": wọn ò tíì pa jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀. "Leave the engine running": má pa mọ́tò. Ẹ wò ó dáadáa: Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀, àwa ń sọ ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ní "it runs on diesel", dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá rí "Run" lára bọ́tìnnì, ó ń béèrè bóyá kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìkìlọ̀ kan: bí ẹ ò bá mọ ibi tí fáìlì ti wá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. "Run as administrator" tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ ń fún ètò náà láṣẹ láti yí inú kọ̀ǹpútà yín padà bó ṣe wù ú.

Ọkọ̀ èrò. Ó ń ná ọ̀nà. "The train runs between Lagos and Ibadan": rélùwéè náà ń ná Èkó sí Ìbàdàn. "Buses run every 10 minutes": ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì ń kọjá. Ọ̀rọ̀ eré sísá ò sí níbẹ̀, bọ́ọ̀sì náà lè máa fà bí ìgbín.

Ọ̀nà, wáyà, odi. Wọn ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́n ń run. "The expressway runs past Sagamu": ọ̀nà márosẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ Ṣàgámù kọjá.

Aró. Ẹ rí "colours may run" lára aṣọ? Aró ẹ̀ lè yọ sínú omi, kó sì mú aṣọ mìíràn. Ẹni tó bá ra àdìrẹ tuntun ní Ìtòkú, tó sì rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ bùbá funfun, ti mọ ìtumọ̀ yìí láìṣí ìwé kankan. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.

Àìsàn àti ìwà. "Does high blood pressure run in your family?" Ìbéèrè yìí pọ̀ lórí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn lókè òkun. Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé yín: ṣé bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní in. Àwọn kan máa ń kọ "no" torí wọ́n rò pé wọ́n ń béèrè nípa ara tiwọn nìkan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, dókítà nílò òtítọ́ ibẹ̀.

Àkókò, àdéhùn, ẹ̀wọ̀n. "The tenancy runs until March": àdéhùn ilé náà máa dé oṣù Kẹta kó tó parí. Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni ti ilé ẹjọ́: "The sentences will run concurrently." Ká ní adájọ́ rán ọkùnrin kan lẹ́wọ̀n ọdún 5 fún ẹ̀sùn kìíní, ọdún 7 fún ẹ̀sùn kejì. Bí wọ́n bá run "concurrently", ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, á ṣe wọ́n pa pọ̀, ọdún 7 ni gbogbo ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "consecutively", kìíní gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ó wá di ọdún 12. Ẹ rántí èyí nígbà míì tẹ́ ẹ bá rí ìròyìn lórí WhatsApp tó ní "wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 12", nígbà tó jẹ́ pé ọdún 7 ni adájọ́ wí.

Bí ó bá wá jẹ́ èèyàn ló ń run, ẹ má tíì sọ pé sáré ni. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Kí ló tẹ̀ lé e tààrà?

Bí èèyàn bá ń sáré, kì í sáré nǹkan. Nítorí náà, bí orúkọ nǹkan bá tẹ̀ lé run láìsí ohun tó dá wọn láàrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe sáré. Àfi bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ eré náà fúnra ẹ̀, bíi "run a marathon" tàbí "run a race", tàbí bó ṣe jìnnà tó, bíi "run 5 miles".

- "Run a company", "run a school": darí rẹ̀, ṣe àkóso rẹ̀. "Who runs this place?" Ta ni ọ̀gá níbí?
- "Run some tests": ṣe àyẹ̀wò.
- "Run an errand": jíṣẹ́, lọ síbi tí wọ́n ránni.
- "Run a temperature", "run a fever": ara ń gbóná.
- "Run a risk": fi ara wewu.
- "Run a story", ti ìwé ìròyìn: gbé ìròyìn jáde.
- "Run someone home": fi mọ́tò gbé e délé. Ará Ìlú Ọba ló ń sọ èyí jù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "run a bath", torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú lẹ ń béèrè ẹ̀ jù. Ọ̀gá ní, "Could you run her a bath?" Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ ṣí omi sínú báàfù kí ìyá náà lè wẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, ẹ po omi gbígbóná mọ́ tútù, ẹ fọwọ́ kàn án kí ìyá tó wọlé. Bí ó bá wá sọ pé "the bath is running", omi ṣì ń dà sínú ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ má kúrò níbẹ̀ o, kó má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀rọ̀ kékeré wo ló bá a rìn?

Out, into, over, down, for, up, by, through. Àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ wọ̀nyí ló ń yí run padà pátápátá. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Run out of. "We have run out of gas." Gẹ̀ẹ́sì fi àwa ṣe olùwà, bí ẹni pé àwa la ṣe nǹkan kan. Nínú Yorùbá, nǹkan náà ló tán: "Gáàsì ti tán." Nítorí náà, ẹ gbé ohun tó tán síwájú, kí "we" di "nílé wa" tàbí "lọ́wọ́ wa", bí ẹ bá tiẹ̀ nílò ẹ̀ rárá. "I'm running out of money": owó ti ń tán lọ lọ́wọ́ mi. "I'm running out of patience": sùúrù mi fẹ́ tán. "My visa runs out in June": físà mi máa parí ní oṣù Kẹfà.

Ṣùgbọ́n "she ran out of the house" ńkọ́? Ó sáré jáde nílé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn "of". Ṣé ibi téèyàn lè jáde kúrò nínú ẹ̀ ni, àbí ohun téèyàn lè lò tán? "He ran out of the bank" jẹ́ ọkùnrin tó sáré jáde ní báǹkì. "The bank ran out of cash" jẹ́ báǹkì tí owó tán níbẹ̀. Ìdánwò kékeré yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ já mi kulẹ̀.

Run into. Ìdánwò kan náà ni, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e:

- Èèyàn: "I ran into your mother at the market." Mo ṣe kòńgẹ́ ìyá yín lọ́jà. Kò sẹ́ni tó kọ lu ìyá yín o, ọkàn yín balẹ̀.
- Ohun líle, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀: "The bus ran into a wall." Bọ́ọ̀sì náà forí sọ ògiri.
- Ìṣòro: "They ran into trouble." Wọ́n kó sí wàhálà.
- Iye: "The cost runs into millions." Owó tí wọ́n ná sí i wọ mílíọ̀nù.
- Ibi: "The child ran into the room." Ọmọ náà sáré wọ yàrá. Níbí, sáré padà dé.

Run over. Bí ọkọ̀ àti èèyàn tàbí ẹran bá wà nínú gbólóhùn, ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé tàbí ìsìn, ó kọjá àkókò tí wọ́n dá fún un. Bí ó bá jẹ́ ìwé tàbí ọ̀rọ̀, "let's run over it again": ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò.

Run down. Bátìrì tó ti kú, ilé tó ti di jákujàku, ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu: gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "he is always running me down" ni ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù mí káàkiri.

Run for. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé "for". "Run for governor": díje fún ipò gómìnà. "Run for the bus": sáré kí bọ́ọ̀sì má baà fi í sílẹ̀. "Run for your life": sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ. "The play ran for 3 weeks": ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n fi ṣe eré náà.

Àwọn tó kù, lẹ́sẹ̀ kan: "run away", sá lọ. "Run up a debt", kó gbèsè jọ. "Run through", yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Run something by someone", sọ ọ́ fún un kí ẹ lè gbọ́ tẹnu ẹ̀. "Run short", ó ku díẹ̀ kó tán. "Run late", ẹ ti ń pẹ́.

### Rerun àti run-off

Méjì yìí tọ́ sí orí tiwọn, torí gbogbo ìgbà tí ìbò bá dé la máa ń pa wọ́n pọ̀. Níbi ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2018, ìbò 353 péré ni ẹni tó wà níwájú fi ju ẹnì kejì lọ, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láwọn ibùdó tí wọ́n ti fagi lé ìbò sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. INEC ní ìbò ò tíì parí, wọ́n sì tún un dì ní ibùdó 7 ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án. Rerun nìyẹn: àtúndì ìbò níbi tí nǹkan ti wọ́. Run-off ni tìgbà tí wọ́n dìbò parí, tí kò sẹ́ni tó kájú ohun tí òfin ní kó ní kó tó wọlé. Wọ́n á wá dá ìbò mìíràn láàárín àwọn olùdíje méjì, gbogbo olùdìbò ló sì máa padà jáde. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá pe èkíní ní èkejì, ẹ tún un ṣe fún un.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ìlú wo ni wọ́n ti sọ ọ́?

Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ní run tiẹ̀, ó sì dára láàárín wa. Wàhálà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá sọdá.

- "Running stomach." Gbogbo wa mọ̀ ọ́n: ìgbẹ́ gbuuru. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún dókítà ní London, ó lè yé e, ó sì lè máà yé e. Ẹ sọ "diarrhoea".
- "Runs." Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe runs ń wá owó lábẹ́lẹ̀, nígbà míì lọ́nà tí kò mọ́. Ní Ìlú Ọba, "the runs" ni ìgbẹ́ gbuuru gan-an. Ẹni tó bá sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé òun fẹ́ tètè kúrò níbi iṣẹ́ torí òun ní runs kan láti ṣe nírọ̀lẹ́, wọ́n máa ṣàánú ẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.
- "I am running a master's programme." Akẹ́kọ̀ọ́ ilé wa ló ń sọ èyí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Lókè òkun, ẹni tó ń "run" ètò ẹ̀kọ́ ni ẹni tó ń darí ẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwọléẹ̀kọ́ tàbí fọ́ọ̀mù físà, ẹ ti sọ ara yín di olùkọ́. Ẹ kọ "I am doing a master's" tàbí "I am studying for a master's". Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú jù.
- Ìbò. Amẹ́ríkà ní "run for office", Ìlú Ọba ní "stand". Tiwa ni "contest". Ohun kan náà ni.
- Iná ojú pópó. Ẹni tó bá kọjá nígbà tí iná pọ́n, Amẹ́ríkà ní ó "run a red light", Ìlú Ọba ní ó "jump the lights", àwa ní ó "beat" ẹ̀. Owó ìtanràn ò yàtọ̀ nítorí èyí.
- Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin. "There's a run in your tights": ìbọ̀sẹ̀ yín ti ya gbọọrọ. Amẹ́ríkà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, Ìlú Ọba ní "ladder".

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán an wò lẹ́nu

1. Ẹ yọ run kúrò, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ rí síbẹ̀.
2. Ẹ ka gbólóhùn náà sókè lódindi.
3. Ẹ bi ara yín: ṣé ìyá mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ báyìí? Bí ó bá dún bí ẹni ń ka ìwé òfin, ẹ tún un tò.
4. Bí kò bá ṣì yé yín, ẹ lọ sínú ìwé atúmọ̀ ti àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Oxford, Cambridge àti Longman wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá wà pẹ̀lú run, ìsàlẹ̀ lẹ máa bá a, níbi tí wọ́n kó àwọn "phrasal verbs" sí.

Ẹni tó bá fẹ́ lo Google Translate, kó fi odindi gbólóhùn sí i, kó sì tún ṣe ohun tó bá bọ́ síta. Run nìkan, kò lè mọ èyí tí ẹ ń sọ.

## Nígbà tí run bá jẹ́ orúkọ

Kò le tó ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá a rìn ló ń tú àṣírí ẹ̀.

- "School run": gbígbé ọmọ lọ síléèwé àti lílọ mú un padà.
- "Trial run", "dry run": ìdánrawò kí ọjọ́ gan-an tó pé.
- "Print run": iye ẹ̀dà ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
- "Chicken run": ọgbà tí wọ́n ń da adìyẹ sí.
- "A run of bad luck": oríburúkú tó ń tẹ̀ lé ara wọn.
- "On the run": ó ń sá kiri fún ọlọ́pàá.
- "In the long run": bó pẹ́ bó yá.
- "Bank run": gbogbo oníbàárà ya lọ gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà torí wọ́n gbọ́ pé báǹkì fẹ́ wó, ìyẹn gan-an sì lè wó o. Ní Silicon Valley Bank ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023 nìkan, bílíọ̀nù 42 dọ́là làwọn oníbàárà fẹ́ gbà jáde. Lọ́jọ́ kejì ni ìjọba tì í pa. Ìdí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí, wọn ò gbé ẹsẹ̀.

Nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì, run ni àmì ayò. Bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bá gbá a kọjá ààlà pápá láì kanlẹ̀, runs 6 ni. Bí ó bá kanlẹ̀ kó tó kọjá, 4. Kò sì ní láti sáré rárá.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

"I have ran." Ó burú. "I ran yesterday", ṣùgbọ́n "I have run", "I had run". Lẹ́yìn have, has tàbí had, ó padà di run. Mo máa ń rí i nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ àwọn tó gboyè.

"Runing." N méjì ni: running.

Fífi run túmọ̀ gbogbo sáré. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà nìyí, a kì í sì í sábà rántí ẹ̀. Tiwa náà ń ṣe ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ lọ. "Sáré jẹun ká máa lọ" kì í ṣe "run and eat". "Eat quickly" ni. "Mo ń sáré, mi ò lè dúró" ni "I'm in a hurry". "Sáré pè é wá fún mi": "call him quickly". Bí ẹ bá lè fi "kíákíá" rọ́pò sáré tí gbólóhùn ò sì bàjẹ́, ẹ má lo run.

Sá àti sáré. Gẹ̀ẹ́sì fi run kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀. "The thief ran": olè náà sá lọ. Bí ẹ bá kọ pé olè náà sáré, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá.

Run tiwa gan-an. Nígbà tí wọ́n bá tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i lórí fóònù, run lè jẹ́ òórùn tó ń rùn, ó lè jẹ́ bébà tí wọ́n rún, ó lè jẹ́ ogún tí ọmọ run tán. Kí ẹ tó fa ìwé Gẹ̀ẹ́sì yọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Yorùbá ni ẹ ń kà.

## Bí run bá ń dà yín láàmú, ẹ lo òmíràn

Nínú lẹ́tà iṣẹ́ tàbí ìdánwò, kò sí dandan. Àwọn wọ̀nyí ò léwu:

- Ilé iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́: "manage"
- Ẹ̀rọ: "work" tàbí "operate"
- Omi: "flow"
- Ìbò: "contest"
- Àdéhùn tàbí àkókò: "last", tàbí "is valid until" fún físà
- Ohun tó tán: "there is none left"

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá ọmọ onílẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìlú Ọba, òun ò ní yé lo run torí yín, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ.

## Ẹ dán ara yín wò

Ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

1. "Can I run something by you before the meeting?"
2. "My new jeans ran and ruined the white shirt."
3. "They ran up a huge bill at the hotel."
4. "He ran out of the shop because they had run out of bread."
5. "Asthma runs in his family."
6. "She used to run a nursery, now she is running for councillor, and today she is running late."

Ìdáhùn

1. Ṣé mo lè sọ nǹkan kan fún yín kí n gbọ́ èrò yín kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀?
2. Aró jíìnsì mi tuntun yọ, ó sì ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn jẹ́.
3. Wọ́n jẹ gbèsè rẹpẹtẹ sí òtẹ́ẹ̀lì náà lọ́rùn. Bí ẹ bá kọ pé owó tí wọ́n ní kí wọ́n san ga gan-an, ó tọ̀nà bákan náà.
4. Ó sáré jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà torí búrẹ́dì ti tán níbẹ̀. Ìdánwò "of" ló tú u.
5. Ikọ́ fée wà nínú ìdílé wọn.
6. Ó ti fìgbà kan darí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, ní báyìí ó ń díje fún ipò káńsílọ̀, lónìí ó sì ti ń pẹ́. Kò sí sáré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi bí ó bá ṣì fẹ́ bá wọn níbẹ̀.